Balùwẹ̀ Nínú Àjà Ilẹ̀: Ibo Ni Omi Ìdọ̀tí Yóò Gbà Jáde?

Bí Ọjúde Ọba bá ti kọjá, tí àwọn ará ilé tó ti òkè òkun wá ti padà síbi iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn wọn. Ẹnì kan á ti Kánádà fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí: ẹ wo abẹ́ ilé wa, ẹ wo balùwẹ̀ tí a ṣe síbẹ̀, táìlì ń dán, omi gbígbóná ń tú. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́lé sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Àgó-Ìwòyè á wò ó tán, á pe bíríkìlà rẹ̀ pé irú ẹ̀ ni òun fẹ́. Bíríkìlà á ní kò le rárá. Pùlọ́ńbà á ní kò ṣeé ṣe. Gbogbo wọn á wá máa bi ara wọn léèrè pé ta ló ń parọ́. Ó lè máà sí òpùrọ́ kankan láàárín wọn. Ilé tí kálukú wọn ní lọ́kàn ni kò jọra.

Ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè tó kù. Omi ìdọ̀tí tó bá kúrò nínú balùwẹ̀ yẹn, ibo ni yóò gbà, ibo ni yóò sì dúró sí? Ẹni tí kò bá tíì rí ìdáhùn èyí, kó má tíì lọ wo táìlì.

Kí ni àjà ilẹ̀ gan-an?

Àjà ilẹ̀ ni yàrá tí ilẹ̀ inú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ìta lọ. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ilẹ̀ yí ká ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ óò fi àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Èkejì ni ti ilé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú ilẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ sì lè gba ibẹ̀ bọ́ sí àgbàlá láì gun àtẹ̀gùn kankan. Irú kejì yìí ni ẹ óò máa rí lọ́dọ̀ wa níbi tí ilẹ̀ bá ti ń gòkè tó ń sọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tilẹ̀ pè é ní àjà ilẹ̀. Wọ́n á ní ilé ìsàlẹ̀ ni.

Ní Kánádà àti níbi tó tutù ní Amẹ́ríkà, òtútù ló bí irú àkọ́kọ́. Omi inú ilẹ̀ máa ń di yìnyín nígbà òtútù wọn, yìnyín náà a sì wú, a máa gbé ìpìlẹ̀ ilé sókè. Nítorí náà wọ́n ní láti gbẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá ibi tí yìnyín ń dé, ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Ẹni tó ti gbẹ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á ní kí òun kúkú gbẹ́ díẹ̀ sí i kí òun fi rí yàrá.

Ohun kan wà tí fídíò wọn kì í fi hàn: páìpù ńlá tó gba abẹ́ títì kọjá, tó ń kó ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, páìpù náà jìn sísàlẹ̀ tó fi jẹ́ pé omi balùwẹ̀ abẹ́ ilé lè ṣàn lọ bá a fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kálukú ló ń gbẹ́ sọ́kàwéè tirẹ̀ sínú àgbàlá. Ibí yìí gan-an ni ilé Kánádà àti ilé Àgó-Ìwòyè ti pínyà.

Báwo ni omi ìdọ̀tí ṣe ń rìn?

Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Kò sì ní gòkè àfi bí nǹkan bá gbé e. Páìpù tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tó máa ń jẹ́ íńṣì 4, gbọ́dọ̀ máa dà gẹ̀rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ̀n tí àwọn pùlọ́ńbà ń lò ni pé, ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan tí páìpù bá lọ, kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì rẹlẹ̀ sí i. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́: bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ bá tẹ́jú jù, omi tí wọ́n fi ṣan án á dúró, pàǹtírí á jókòó sójú kan. Bí ó bá dà jù, omi á sáré lọ, á fi pàǹtírí sílẹ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú páìpù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àjà ilẹ̀ yín fi ẹsẹ̀ bàtà 8 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ìta lọ, tí ilẹ̀ sì yí i ká. Páìpù á bẹ̀rẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 1 nísàlẹ̀ ilẹ̀ yàrá náà. Bí táńkì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 50 jìnnà, páìpù á tún fi íńṣì 12 àti ààbọ̀ rẹlẹ̀ sí i, ká pè é ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Ó ti di ẹsẹ̀ bàtà 10 nínú ilẹ̀ kí ìdọ̀tí tó dé ẹnu táńkì, táńkì fúnra rẹ̀ ò sì tíì ní ìsàlẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 5 kún un fún omi tí yóò dúró nínú rẹ̀, ó di 15. Pùlọ́ńbà tó ní kò ṣeé ṣe, ìṣirò yìí ló ṣe sínú.

Ti ilé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yàtọ̀. Páìpù á gba iwájú tó ṣí sílẹ̀ jáde, táńkì á wà nísàlẹ̀ àgbàlá, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Omi á máa lọ jẹ́jẹ́ láìsí ẹ̀rọ kankan. Bíríkìlà tó ní kò le, irú ilé yìí ló ń rò.

Ẹ má fi ojú wọn bí ilẹ̀ ṣe dà sí o, ojú ń tanni jẹ. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí ni kí ẹ lò. Ẹnì kan á di orí kan mú níbi tí balùwẹ̀ yóò wà, ẹnì kejì á di orí kejì mú níbi tí ẹ fẹ́ gbẹ́ táńkì sí. Ibi tí omi bá dúró sí lọ́tùn-ún lósì dọ́gba; ẹ wọn gíga omi náà sí ilẹ̀ ní ìhà méjèèjì, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn ni bí ilẹ̀ náà ṣe dà tó.

Sọ́kàwéè ńkọ́?

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní sọ́kàwéè, ihò méjì ni. Àkọ́kọ́ ni táńkì tí wọ́n fi bulọ́ọ̀kù mọ, tí wọ́n rẹ́ dáadáa kó má baà jò. Inú rẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń rọ̀ sísàlẹ̀, tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń jẹ ẹ́. Èkejì ni ihò tí omi tó ti inú táńkì wá ti ń rì wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ni sọ́kàwéè gan-an.

Ó yẹ kí ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 5 wà láàárín ìsàlẹ̀ ihò kejì yìí àti omi abẹ́ ilẹ̀. Ó sì yẹ kó jìnnà sí kànga tàbí bọ́họ̀ọ̀lù tó 30 mítà, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ẹ rántí pé púlọ́ọ̀tì kan, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe kànga tiyín nìkan ni ẹ óò wò. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ béèrè ibi tí tirẹ̀ wà. Ìdọ̀tí yín ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ibòmíràn, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì mu ún.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà? Ẹ yọjú wo kànga àdúgbò nínú oṣù Keje, kí ẹ sì tún wò ó nínú oṣù Kẹ̀wàá, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Ibi tí omi dúró sí nínú kànga ni omi abẹ́ ilẹ̀ yín dé. Ẹni tó bá wo ti oṣù Kejì nìkan, ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń tan ara rẹ̀. Ilẹ̀ wa ò sì rí bákan náà. Ní apá Àgó-Ìwòyè, ẹ lè gbẹ́ díẹ̀ kí ẹ sì bá àpáta. Ní etí ọ̀sà lọ́hùn-ún, bí Ìwòpin, omi sún mọ́ òkè gan-an. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gbẹ́ àjà ilẹ̀ síbẹ̀ rárá.

Bí omi kò bá lè ṣàn jáde fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀rọ ni yóò gbé e. Wọ́n á ri àgbá kan mọ́ abẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀, gbogbo omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ti bésìnì àti ti ṣáwà á máa ṣàn sínú rẹ̀. Ohun kan tó ń léfòó wà nínú àgbá náà, bí bọ́ọ̀lù inú táńkì omi orí ilé. Bí omi bá gbé e sókè dé ìwọ̀n kan, pọ́ǹpù á tan, á ti ìdọ̀tí náà gba páìpù tóóró lọ sókè, títí yóò fi bọ́ sínú páìpù tó ń ṣàn lọ sí táńkì. Fáàfù ọlọ́nà kan gbọ́dọ̀ wà lórí páìpù tóóró yẹn, kí ohun tó ti gòkè má baà já padà. Oríṣi kékeré kan tún wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tó ń lọ ìgbẹ́ kúnná kó tó tì í lọ. Kò nílò kí wọ́n fọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ, páàdì, ìnujú olómi, kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láéláé.

Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: iná. Pọ́ǹpù kò mọ̀ pé NEPA ti mú iná lọ. Bí iná bá lọ, tí àwọn ará ilé ń ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì, àgbá á kún, ìdọ̀tí á sì gba orí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní bátìrì àti ínfátà tó lè gbé pọ́ǹpù náà, pẹ̀lú aago tó ń dún bí àgbá bá fẹ́ẹ̀ kún. Fún ilé tí wọ́n ń gbé ní ọjọ́ mẹ́ta pere lọ́dún, èmi ò rí ìdí tí wọn yóò fi rà á. Ẹ gbé balùwẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ fi yàrá ìsàlẹ̀ kó ẹrù.

Kí ló ń mú ìdọ̀tí padà wọlé?

Ilé àbúrò bàbá mi kan wà ní Ṣàgámù, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà. Nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ìyá àgbà sí, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ṣe balùwẹ̀ fún un níbẹ̀, wọ́n sì so páìpù rẹ̀ mọ́ èyí tó ń ti òkè bọ̀, kí owó má baà pọ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan, òjò ń rọ̀, táńkì ti kún. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ lókè, omi wọn ń gba ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ ìyá yọ nísàlẹ̀, ohun tí kì í ṣe omi nìkan sì ń bá a yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe ẹni tó ń tú páìpù kí ẹnì kankan tó ronú kan táńkì. Àpótí aṣọ òfì màmá wà lórí ilẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. A fọ̀ wọ́n, a sá wọn, òórùn náà kò kúrò. Ó ń dùn mí títí dòní, torí pé ohun tí ì bá dènà rẹ̀ kò ju ọgbọ́n díẹ̀ lọ.

Bí táńkì bá kún, ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ tó ṣí sílẹ̀ ni ìdọ̀tí yóò gbà yọ. Nínú ilé tó ní balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, ihò ṣáwà ìsàlẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìdérí táńkì rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ balùwẹ̀ náà lọ. Bí ó bá di pé ó máa kún, á kọ́kọ́ yọ ní àgbàlá, ẹ óò rí i, ẹ óò pe ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí. Ẹ fún balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ní páìpù tirẹ̀ lọ sí táńkì. Bí kò bá sí ọ̀nà àfi kí ó pàdé ti òkè, orí ẹ̀ka tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ni kí wọ́n fi fáàfù ọlọ́nà kan sí kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá fi í sórí páìpù ńlá lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ọjọ́ tí fáàfù bá pa dé, omi òkè ò ní rí ibòmíràn lọ àfi ìsàlẹ̀.

Òórùn ńkọ́?

Lábẹ́ gbogbo ihò omi, páìpù kan wà tó ká bí ọrùn ìgbín. Omi bí íńṣì 2 máa ń dúró nínú ibi tó ká yẹn, òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ òórùn inú táńkì. Àwọn ilé wa tí wọ́n ń tì pa láti Iléyá títí di Kérésì, omi yẹn máa ń gbẹ, òórùn á gba ibẹ̀ wọlé. Kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé máa da ife omi méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó fi epo ẹ̀pà díẹ̀ lé e lórí. Epo kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ.

Páìpù mìíràn tún wà tó ń lọ sókè kọjá òrùlé. Àwọn kan ń yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ torí wọn kò rí ohun tó ń ṣe. Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì epo pupa: bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, á máa dá gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀, torí pé afẹ́fẹ́ ń wá ọ̀nà wọlé kí epo tó jáde. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdí rẹ̀, epo á tú wọ̀ọ̀. Páìpù òkè yẹn ni ihò ìdí kẹ́ẹ̀gì. Bí kò bá sí, omi tó ń sáré lọ á fa omi inú páìpù tó ká mọ́ra, òórùn á sì wọlé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń lo balùwẹ̀ lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ inú táńkì kì í ṣe òórùn lásán o. Ó ń pa èèyàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú táńkì, ì báà jẹ́ láti mú bàtà ọmọdé.

Kí ló dé tí ògiri ń rin?

Ẹ̀yin tí ẹ bá àmù nílé ìyá yín àgbà ti mọ ìdáhùn. Omi inú àmù máa ń gba ara amọ̀ jáde, ara rẹ̀ á máa rin, á sì tutù. Ògiri àjà ilẹ̀, àmù tí wọ́n yí inú rẹ̀ síta ni: ìta ni omi wà, inú ló ń rin bọ̀. Ẹni tó ti wọ inú Ẹrẹdò Sùngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rí rí, yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó 160 kìlómítà, tó sì jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan, á ti rí bí ewéko tútù ṣe bo ara ògiri ilẹ̀ pupa yẹn. Ilẹ̀ wa ń pa omi mọ́ra.

Ọ̀dà adènà omi tí wọ́n bá fi kun ògiri láti inú kò lágbára tó èyí tí wọ́n fi kùn ún láti ìta kí wọ́n tó da ilẹ̀ padà. Omi tó ń ti ògiri láti ẹ̀yìn á pẹ́ kó tó ṣí èyí tó wà nínú kúrò, ṣùgbọ́n á ṣí i. Lẹ́yìn ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù onihò wẹ́wẹ́ ló yẹ kó wà ní ìdí ògiri, tí yóò máa darí omi lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀rá tó nípọn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kọ́ńkéré ilẹ̀.

Bí ilé bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ dán an wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ tẹ́ ọ̀rá gbooro sórí ilẹ̀, ẹ lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì nígbà òjò. Bí omi bá wà lábẹ́ ọ̀rá, láti inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ orí ọ̀rá ló ti wà, afẹ́fẹ́ yàrá ló ń làágùn bí ìgò mínírà tútù. Fèrèsé àti fáànù lẹ nílò.

Fáànù náà gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde síta gbangba, kì í ṣe sínú yàrá kejì. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé àjà ilẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé nínú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ ọ́n títí yóò fi pẹ́ jù. Lórí iná, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gé iná lójú ẹsẹ̀ bí iná bá ń jò sí balùwẹ̀ náà, kí wọ́n sì ri wáyà ilẹ̀ dáadáa.

Ìwọ̀n wo ló tó?

Ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú àti 8 ní gígùn tó fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì, bésìnì àti ṣáwà. Láti àárín ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì sí ògiri ẹ̀gbẹ́, kó má dín sí íńṣì 15. Iwájú rẹ̀, íńṣì 21. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé gíga balùwẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 8. Láti orí táìlì dé abẹ́ sílìn ni kí ẹ ti wọn ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ti àgbàlagbà, ẹ má fi ìdènà sí ẹnu ṣáwà.

Bí wọ́n bá ti da kọ́ńkéré ilẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n á gé e, wọ́n á fọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ pe ẹ́ńjíníà kó fi ibi tí òpó àti ìpìlẹ̀ gbà hàn yín kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Bí ohun tó kù kí páìpù fi dà tó kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ẹ lè mọ pèpele sí abẹ́ balùwẹ̀ dípò kí ẹ fọ́ ilẹ̀, kí páìpù gba inú rẹ̀ kọjá, bí sílìn bá ga tó.

Ẹ̀gbọ́n wa ti Àgó-Ìwòyè ò tíì da kọ́ńkéré tirẹ̀. A fi rọ́bà omi wọn àgbàlá rẹ̀ ní Sátidé kan. Ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 6 dà láti ẹnu ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ dé ibi tí ó fẹ́ gbẹ́ táńkì sí. Ó ní kí wọ́n tún pùláànù yà kí òun tó gbé e lọ fún ìfọwọ́sí. Pùlọ́ńbà ti to páìpù, ó dí ẹnu wọn, ó rọ omi kún wọn, ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, omi kò fà. Ẹ̀gbọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n tí wọ́n nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí yóò fọ́.